Iyán Ìjọ àti Ẹsẹ̀ Mi

Ìṣẹ́gun, 1 Ọkitóbà 1963

Lónìí ni orílẹ̀-èdè wa bọ́ pátápátá lábẹ́ adé ọbabìnrin òyìnbó. Gbogbo Bódìjà ń yọ̀, asọ̀rọ̀mágbèsì inú pálọ̀ kò sì dákẹ́ láti àárọ̀. Èmi jókòó sínú yàrá, mo gbé ẹsẹ̀ òsì lé àpótí, mò ń wo àtàǹpàkò rẹ̀.

Ojú egbò náà kò ju ọníní lọ. Bàtà dúdú tí mo rà ní Dùgbẹ̀ nítorí ìkórè ló bó mi. Mo rò pé kò ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ó ti wọ oṣù kejì báyìí. Lánàá ni Dókítà Ọládipọ̀ wò ó ní ọsibítù, ó sì ní kí n tọ̀ sínú ìgò. Wọ́n da omi búlúù kan mọ́ ìtọ̀ náà, wọ́n gbé e lé iná, ó di pupa bíi bíríkì lójú mi. Ó ní àtọ̀gbẹ ni. Ṣúgà tó wà lára mi ni kò jẹ́ kí egbò jiná. Bí mo bá ń jẹun bí mo ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀, ìka náà yóò dúdú, wọn yóò gé e. Bó bá kọjá ìka, ẹsẹ̀ ni wọn yóò gé.

Mo sọ fún un pé oúnjẹ kò lè fi mí ṣerú, pé láti kékeré ni mo ti ń gbààwẹ̀. Ó mi orí. "Bàbá, kì í ṣe ààwẹ̀ ni mo ní kí ẹ gbà. Ẹ máa jẹun. Lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ní àsìkò, pẹ̀lú hóró oògùn yín. Irú oúnjẹ àti ìwọ̀n rẹ̀ ni kí ẹ yí padà." Kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí òkèlè kéré, kí n máa jẹ ẹ̀wà àti ẹja. Kò sí ṣúgà, kò sí míníráàlì. Mo bi í pé títí di ìgbà wo. Ó ní títí.

Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló ń dùn mí ju egbò lọ. Ààwẹ̀ tó le jù lọ ní ọjọ́ tí a ó ṣínu rẹ̀.

Ọjọ́rú, 2 Ọkitóbà

Ìyá Yọ̀mí nìkan ni mo sọ fún, nítorí òun ló ń dáná. Mo kìlọ̀ fún ìyàwó mi yìí gidigidi pé ìjọ kò gbọdọ̀ gbọ́. Ìkórè wọlé dé, ṣọ́ọ̀ṣì wa kò tíì ní òrùlé, gbọ̀ngàn ilé ìwé la ṣì fi ń jọ́sìn. Àlùfáà tí ìjọ bá gbọ́ pé ó ń ṣàìsàn lásìkò báyìí, wọ́n á bá a kẹ́dùn dáadáa, wọ́n á sì ní kó lọ sinmi, kí wọ́n rán ẹlòmíràn wá. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìjọ yìí. Ẹlòmíràn kò ní í wá kan páànù rẹ̀ lójú mi.

Ní ọ̀sán, ó gbé ẹ̀kọ méjì wá pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó kún abọ́. Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Mo wo abọ́, mo wo ojú rẹ̀. Mo béèrè bóyá a ti dé ìdí àìrí rárá ni. Ó ní kí n jẹun kó tó tutù.

Àbámẹ́ta, 5 Ọkitóbà

Òjò ńlá. Ẹ̀wà. Inú ń bí mi láti àárọ̀, n kò sì rí ẹni tó ṣẹ̀ mí.

Ajé, 7 Ọkitóbà

Àbẹ̀wò ìkórè bẹ̀rẹ̀ lónìí. N óò wọ ilé gbogbo ọmọ ìjọ, láti Bódìjà dé Agbowó dé Baṣọ̀run, kí n gbàdúrà níbẹ̀, kí onílé sì jẹ́jẹ̀ẹ́ ohun tó máa mú wá. Kò sí ẹni tó máa jẹ́jẹ̀ẹ́ láìkọ́kọ́ fún àlùfáà lóúnjẹ.

Ọ̀dọ̀ Màmá Oyèbọ́lá ni mo kọ́kọ́ yà. Àwọn ni Ìyá Ìjọ, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Dùgbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń gún iyán bíi tiwọn ní gbogbo Baṣọ̀run. Wọ́n gbé e wá, ó funfun, ooru ń jáde lára rẹ̀, ẹran ìgbẹ́ sì kún inú ẹ̀gúsí. Mo bu díẹ̀, mo jẹ ẹ̀fọ́ tó wà létí ọbẹ̀, mo ṣanwọ́.

Ẹ̀rín kúrò lójú Màmá. "Àlùfáà mi, ṣé ẹ̀ ń fura sí ọbẹ̀ mi ni?"

Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin méjì tó jókòó tì wọ́n gbójú sókè. Ohun tí ẹni tó kọ oúnjẹ onílé ń sọ nípa onílé, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá jáde nílé yẹn láìjẹ iyán, kí ilẹ̀ tó ṣú wọn yóò ti máa bi ara wọn léèrè ohun tí àlùfáà rí lára Ìyá Ìjọ. Mo ní rárá o, mo ń sinmi díẹ̀ ni. Mo tún ọwọ́ fọ̀, mo jẹ ẹ́ tán.

Bàbá Ògúnlẹ́yẹ ló tẹ̀lé e, Bàbá Ìjọ wa, ọ̀gá ibùdókọ̀ rélùwéè ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìrẹsì ni ti ibẹ̀, pẹ̀lú míníráàlì méjì tó tutù dáadáa. Nígbà tí mo fi máa dé ilé kẹta, iyán tuntun ni.

Ìyá Yọ̀mí ti bu ẹ̀wà sílẹ̀ dè mí. Mo ti abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí mo ṣe jókòó ló ti mọ̀.

Ìṣẹ́gun, 8 Ọkitóbà

Mo dá ọgbọ́n kan lónìí. Ilé tí mo bá wọ̀, màá ní mo ti jẹun. Wọ́n ní kò burú. Nígbà tí mo fi máa délé, oúnjẹ ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ṣáájú mi dé, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, ó tò sórí tábìlì.

Ìyá Yọ̀mí ní ẹni tó bá rí abọ́ wọ̀nyí lẹ́nu ọ̀nà wa yóò ní òun kì í se oúnjẹ fún ọkọ òun. Ó pín in fún àwọn aládùúgbò. Kó tó padà wá gbé èkejì, mo ti ṣí ẹ̀kẹta.

Ọjọ́bọ̀, 10 Ọkitóbà

Ilé márùn-ún. N kò fẹ́ kọ ohun tí mo jẹ.

Ajé, 14 Ọkitóbà

Ọsibítù. Omi búlúù tún di bíríkì. Egbò ti tó kọ́bọ̀. Nọ́ọ̀sì Bàdírátù tó ń fọ̀ ọ́ fún mi yí ojú sí fèrèsé díẹ̀, mo sì mọ̀ pé òórùn ni.

Dókítà bi mí bóyá nínú ilé mi ni mo ti ń jẹun àbí nígboro. Mo ṣàlàyé àbẹ̀wò fún un. Ó ní kí n sọ fún wọn pé ara mi kò yá, ṣebí Kristẹni ni wọ́n. Ọmọdé ni, kò mọ ìjọ.

Iṣu tuntun kún ọjà, kò sì sí ilé tí wọn kò ti ń gún un fún mi.

Ọjọ́rú, 16 Ọkitóbà

Mo ti rí i! Ó yà mí lẹ́nu pé kò tètè wá sí mi lọ́kàn. Ààwẹ̀ nìkan ni àlùfáà lè fi kọ oúnjẹ tí inú kò ní bí onílé. Bí mo bá ní mò ń gbààwẹ̀ fún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì títí di ọjọ́ ìkórè, ta ló máa fi iyán lọ̀ mí? Omi ni wọn yóò máa gbé wá, wọn yóò sì máa bọ̀wọ̀ fún mi sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ màá jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ìyàwó mi, inú gbogbo ayé á dùn.

Ìyá Yọ̀mí ní dókítà sọ pé kì í ṣe ààwẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n mọ iṣẹ́ mi.

Ẹtì, 18 Ọkitóbà

Ilé mẹ́fà, omi nìkan. Obìnrin kan tilẹ̀ kúnlẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ pé mò ń gbààwẹ̀. Ara mi fúyẹ́ bíi ti ọ̀dọ́mọkùnrin. Ní ìrọ̀lẹ́ mo jẹ ẹ̀wà láìkùn. Ọlọ́run ṣeun.

Àìkú, 20 Ọkitóbà

Lẹ́yìn ìkéde, Bàbá Ògúnlẹ́yẹ dìde. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn pé àlùfáà nìkan ló ń gbààwẹ̀ fún òrùlé tí gbogbo wa máa jókòó sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní láti ọ̀la lọ, kí ìjọ bá mi gbà á. Ìjọ ní Àmín. Kí wọ́n tó jókòó, Màmá Oyèbọ́lá náà ti dìde. Wọ́n ní Ẹgbẹ́ Ìyá yóò gba ìṣínu àlùfáà ṣe, ilé kan lálẹ́ kan, títí di ọjọ́ ìkórè, kí Ìyá Yọ̀mí náà lè ráyè gbàdúrà. Ìjọ tún ní Àmín.

Èmi náà ní Àmín. Kí ni n bá tún sọ níwájú wọn?

Ìṣẹ́gun, 22 Ọkitóbà

Wọn kì í gbé ìṣínu sílẹ̀ kí wọ́n lọ. Wọ́n máa ń jókòó, wọ́n á wò mí títí màá fi jẹun tán, kí n lè súre fún wọn. Ẹni àná gbé iyán pẹ̀lú ẹja tútù wá. Ẹni òní ti gbọ́, ó fi adìyẹ kún tirẹ̀. Gbogbo wọn ló ń kọ́kọ́ fún mi ní ẹ̀kọ mímu gbígbóná tí ṣúgà kún inú rẹ̀, wọ́n ní òun ló ń tu inú ẹni tó gbààwẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, bí mo bá jẹ iyán lọ́sàn-án, mo ṣì lè jẹ ẹ̀fọ́ lálẹ́. Ní báyìí, ebi ló ń jẹ mí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì ṣú tán, iyán ìjọ á dé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ta okùn yìí, ọrùn ara mi ni mo fi sí i. N kò rí bí mo ṣe máa yọ ọ́.

Àbámẹ́ta, 26 Ọkitóbà

Òòrùn mú. Lọ́sàn-án òógùn tútù bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé n kò lè di bọ́tìnnì mú. Mo jókòó sí yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn tí a fi ṣe fẹ́sìtìrì, níbi tí mo ti ń wọ aṣọ ìsìn, títí ó fi lọ. N kò pa hóró oògùn jẹ lọ́jọ́ kan, àràárọ̀ ni mo ń lò ó, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé n kò gbọ́ràn sí dókítà.

Ìyá Yọ̀mí kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, àfi "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ kú ilé".

Ọjọ́rú, 30 Ọkitóbà

N kò lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ Ajé. Mo ní iṣẹ́ ìkórè ni. Mo da lọ́fíńdà sí ìbọ̀sẹ̀ kí n tó wọ bàtà.

Ajé, 4 Nòfẹ́ńbà

Ìyàwó mi ló sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí fún mi, nítorí èmi kò sí níbẹ̀, bí a bá ní ká sọ òtítọ́.

Lánàá, mo gbé ọwọ́ sókè láti fi ìbùkún tú ìjọ ká. Mo rántí pé ojú fèrèsé di méjì. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀. Wọ́n ní mo ń gbọ̀n, òógùn ń dà lára mi, n kò sì mọ orúkọ ara mi. Ìyá Yọ̀mí ti dé ọ̀dọ̀ mi kí àwọn wọ́ọ́dìnì ìjọ tó dìde. Ó yọ ìgò omi ṣúgà nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rọ ọ́ sí mi lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó ti lọ bá dókítà láìsọ fún mi, ó sì ti ń gbé ìgò náà káàkiri látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìjọ kò rí ìgò. Ohun tí wọ́n rí ni àlùfáà tó gbààwẹ̀ títí ẹ̀mí fi gbé e níwájú pẹpẹ. Gbogbo wọn wà lórí eékún. Màmá Oyèbọ́lá ń sunkún ayọ̀. Nígbà tí mo la ojú, àwọn ọkùnrin kan ti dìde, wọ́n ń sọ ẹ̀jẹ́ ìkórè wọn di ìlọ́po méjì. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń gbọ́ wọn. N kò purọ́, n kò sì sọ òtítọ́.

Lónìí, Dókítà Ọládipọ̀ kò pè mí ní bàbá. Ó ní ẹni tó bá lo hóró oògùn yẹn tí kò jẹun lé e, ṣúgà ara rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù, kó sùn, kó má jí. Ó tú aṣọ ojú egbò. Ẹ̀gbẹ́ ìka ti dúdú. Ó ní ìka ti lọ ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ ni a ń bá a dù báyìí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò gé e, ṣùgbọ́n bí ṣúgà kò bá wálẹ̀ kó tó di ìgbà náà, ojú ibẹ̀ kò ní jiná, wọn yóò sì tún gé sókè sí i.

Mo bi í pé ibo ni òkè. Ó fi ọwọ́ kan abẹ́ orúnkún mi.

Ìṣẹ́gun, 5 Nòfẹ́ńbà

Ìyá Yọ̀mí ti ilẹ̀kùn yàrá, ó jókòó sórí ibùsùn.

"Bàbá Yọ̀mí, ṣé ẹsẹ̀ yín lẹ fẹ́ fi kan páànù ṣọ́ọ̀ṣì?"

Mo ní ikú yá ju ẹ̀sín.

"Ta ló fi yín ṣẹ̀sín? Ẹ lọ bá Màmá Oyèbọ́lá, kí ẹ sọ fún wọn. Bí ẹ ò bá lọ, èmi á lọ."

Láti ìgbà tí mo ti gbé e níyàwó, kò fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ rí. Inú bí mi. Lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà mí, nítorí mo rí i pé òun náà ń bẹ̀rù.

Ó dá ìṣínu alẹ́ padà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní mo ti sùn. Ó wá gbé abọ́ kan ṣoṣo wọlé, ó jókòó tì mí, ó ní láti òní lọ, inú abọ́ kan la ó ti máa jẹun. N kò bá a jẹun nínú abọ́ kan rí. Ọmọ ilé bàbá mi ni mí, ọkùnrin ń dá jẹun, abọ́ rẹ̀ ló tóbi jù, orí ẹja tirẹ̀ ni. Ojú ń tì mí bí ọkọ ìyàwó tuntun. Nígbà tí mo bá bu òkèlè ńlá, ọwọ́ rẹ̀ á dúró. Nígbà tí mo bá bu kékeré, á bá mi bu tirẹ̀. Ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa. Bí a ṣe jẹun tán kò hàn sí mi, àfi ìgbà tí mo rí i pé n kò fẹ́ òmíràn.

Ọjọ́bọ̀, 7 Nòfẹ́ńbà

Mo lọ sí Baṣọ̀run. Inú Màmá Oyèbọ́lá dùn bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n ní kí n jókòó, kí n má tíì lọ, alẹ́ yìí ló kan àwọn láti ṣe ìṣínu mi. Mo ń gbọ́ odó lẹ́yìnkùlé bí wọ́n ṣe ń gún un.

Mo ti to ọ̀rọ̀ mi dáadáa lọ́nà, gbogbo rẹ̀ sì sá lọ. Mo kàn bọ́ bàtà, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo ní, "Màmá, àtọ̀gbẹ ló ń ṣe mí. Wọ́n fẹ́ gé ìka yìí. Iyán ni kò jẹ́ kó jiná." Mo sọ ti ààwẹ̀ fún wọn, pé ohun tí mo fi ń sá fún oúnjẹ ni. Mo sọ ti ọjọ́ Àìkú.

Wọ́n dìde, wọ́n lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n ní kí wọ́n dá odó dúró. Ilé dákẹ́. Wọ́n padà wá jókòó, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ mi, omi sì ń bọ́ lójú wọn.

"Ẹ ò fẹ́ kí n rò pé ẹ̀ ń fura sí mi," wọ́n ní. "Ẹ wá sọ mí di ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi oúnjẹ pa àlùfáà rẹ̀. Tó bá pa yín ńkọ́, Àlùfáà mi? Kí ni n bá sọ fún Ìyá Yọ̀mí? Pé n ò mọ̀?"

N kò tíì gbọ́ ìwàásù tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ronú nípa orúkọ mi àti òrùlé mi, n kò ronú kàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn pẹ̀lú kọ́là funfun lọ́rùn. Wọ́n ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù, kò dára fún ẹsẹ̀ yẹn.

Ẹtì, 8 Nòfẹ́ńbà

Mo gbà kí Màmá sọ fún Ẹgbẹ́ Ìyá. Kó tó di ọ̀sán, ọjà Dùgbẹ̀ ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó ní kí n lọ sinmi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Bàbá Ògúnlẹ́yẹ wá ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní kí Ìyá Yọ̀mí jọ̀wọ́ fún wa láyè, wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ń dìde tọ̀ léraléra lóru, ṣé ó burú? Mo júwe yàrá Nọ́ọ̀sì Bàdírátù fún wọn.

Àìkú, 10 Nòfẹ́ńbà

Mo jókòó lórí àga wàásù. Mo sọ fún ìjọ pé ìṣubú ọjọ́sí, ebi àti oògùn ni, kì í ṣe ẹ̀mí, àti pé iyán wọn ni mo ń fi ààwẹ̀ sá fún. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan kò rẹ́rìn-ín, mo sì yẹ fún méjèèjì. Lẹ́yìn ìsìn, ọkùnrin kan wá bá mi pé kí n jọ̀wọ́ dá ẹ̀jẹ́ òun padà sí bó ṣe wà, ìgbà tí mo ṣubú ni òun fi lé e. Mo dá a padà fún un.

Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ewé ọ̀dúnkún lọ́sàn-án, a jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan.

Ìṣẹ́gun, 12 Nòfẹ́ńbà

Omi búlúù náà dúró ní àwọ̀ ewé, kò pọ́n. Dókítà ní ó tẹ́ òun lọ́rùn, ọ̀la ni. Wọ́n ti fún mi ní ibùsùn. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ẹtì, 15 Nòfẹ́ńbà

Ìka ti lọ. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ni ó ń yún mi.

Àìkú, 17 Nòfẹ́ńbà

Wọ́n ṣe ìkórè láìsí mi. Láti àárọ̀ ni mo ti ń ronú ibi tí wọ́n bá a dé. Mo kọ orin ìkórè lábẹ́nu títí ẹni tó wà lórí ibùsùn kejì fi ní kí n dákẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Ògúnlẹ́yẹ wá. Wọ́n ní ohun tó wọlé yóò ra páànù apá pẹpẹ, apá ẹ̀yìn di ọdún tó ń bọ̀. Mo bi wọ́n bóyá àwọn àgbà ìjọ ti ń sọ̀rọ̀ nípa àlùfáà mìíràn. Wọ́n wò mí bí ẹni tí iyè rẹ̀ ra. Wọ́n ní ta ló fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àlùfáà tuntun ní ọ̀nà ilé gbogbo wa.

Màmá Oyèbọ́lá gbé mọ́ínmọ́ín kan àti ẹ̀fọ́ wá, ó kéré débi pé mo rò pé ìtọ́wò ni. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n wo ẹnu mi títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Mo ní ṣé kò sí òmíràn. Wọ́n ní kò sí.

Àbámẹ́ta, 23 Nòfẹ́ńbà

Asọ̀rọ̀mágbèsì ní wọ́n yìnbọn pa ààrẹ Amẹ́ríkà. Gbogbo wọ́ọ̀dù dákẹ́. Nọ́ọ̀sì Bàdírátù tú aṣọ ẹsẹ̀ mi láàárín ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ojú ibẹ̀ pupa, ó mọ́, kò rùn. Ó ní ẹran tuntun ni. Mo ní kó jẹ́ kí n tún wò ó.

Àbámẹ́ta, 7 Dìsẹ́ńbà

Mo ti padà sílé. Ọyẹ́ ti dé, ètè mi ti bó.

Mo rò pé mo ti bọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àhámọ́ ni. Gbogbo ìjọ ti di wọ́dà. Lánàá, nílé olùkọ́ kan lọ́nà Ring Road, mo na ọwọ́ sí bisikíìtì kan péré, ìyàwó rẹ̀ rọra gbé àwo kúrò, ó ní ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ní Dùgbẹ̀, obìnrin tí n kò mọ̀ rí tó ń ta míníráàlì kọ̀ láti tà á fún mi. Ó ní ṣé kì í ṣe èmi ni àlùfáà Màmá Oyèbọ́lá. Inú bí mi débi pé mo yí padà wálé láìra ohun tí mo tìtorí rẹ̀ lọ.

Mo sọ ọ́ fún Ìyá Yọ̀mí, mo ní mo ti di ọmọ ọwọ́ nínú ìjọ tí mo fi ọwọ́ ara mi dá sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń bá ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 24 Dìsẹ́ńbà

Wándé, olórí akọrin wa, ṣí ilé tuntun rẹ̀ ní Agbowó lónìí, ó ní dandan, èmi ni n óò gbàdúrà sí i. Lẹ́yìn àdúrà, wọ́n gbé iyán jáde. Ti Bàbá Ògúnlẹ́yẹ kún abọ́, ṣùgbọ́n wọn kò wò ó lójú púpọ̀, torí omi tiwọn náà ti pọ́n ní ọsibítù, ìjọ ni kò tíì mọ̀. Temi kò ju ìkúùkù ọmọ kékeré lọ, ẹ̀fọ́ àti ẹja sì yí i ká.

Mo wo abọ́ wọn, mo wo temi. Màmá Oyèbọ́lá ń wò mí láti ìsàlẹ̀ yàrá. Inú ń bí mi, n kò ní purọ́. Mo ronú pé bí mo bá dàgbà di arúgbó, báyìí náà ni, àti ní ọjọ́ Kérésìmesì, àti níbi ìgbéyàwó àwọn ọmọ mi. Mo jẹ ẹ̀fọ́ náà. Mo jẹ ẹja. Mo fi iyán kékeré náà parí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dùn ju gbogbo iyán tí mo jẹ ní Ọkitóbà lọ, nítorí pé n kò sáré jẹ ẹ́.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Wándé ní kí takisí gbé wa délé, nítorí ẹsẹ̀ mi. Mo dúpẹ́, mo kọ̀. Ìyá Yọ̀mí di ọwọ́ mi mú níbi tí ọ̀nà kò ti dára, ó sì tún fi í sílẹ̀ níbi tó ti dára. Mo ń tiro díẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ebi ṣì ń pa mí. Mo fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì rìn wálé.